Ìdajì Orí Bàbá Kí-Mi-Kí-N-Kí-Ọ

Ẹni tí kò bá mọ ohun mìíràn nípa Bàbá Kí-Mi-Kí-N-Kí-Ọ, á mọ ti orí rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ bí ọmọlúàbí. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn bí oyin. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún orí rẹ̀ ti mọ́ tónítóní, ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí onígbàjámọ̀ ṣe ní kí òun bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì báyìí, bàbá gbé ọwọ́ sókè lábẹ́ aṣọ.

"Dúró ná. Líǹkì mi ńkọ́?"

"Líǹkì wo tún ni, Bàbá?"

"Láti ìgbà òjò ni mo ti fi ṣọ́ọ̀bù rẹ sórí sáìtì mi. Ẹni tó bá wá irun gígẹ̀ wá síbẹ̀, tó bá tẹ orúkọ rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ ló máa já sí tààrà. Sáìtì tìrẹ wá ńkọ́? Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Mo kí ọ, o ò kí mi. Ta ló tọ́ ọ dàgbà?"

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wo orí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká parí orí yìí ná. Ẹ̀yin náà ò kúkú lè jáde báyìí."

Ibi tó ti ṣìnà nìyẹn. Bàbá tú aṣọ lọ́rùn ara rẹ̀, ó dìde, ó wo dígí. Ó fi ọwọ́ pa apá tó dán, ó fi ọwọ́ pa apá tó kún. "N ò lè jáde kẹ̀? Ọmọ mi, ẹni tó bá rí mi lónìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi mí: 'Ta ló gẹ̀ yín lórí?' N ò sì ní parọ́."

Ó jáde lóòótọ́. Ó gba iwájú ilé ìfowópamọ́ kọjá, ó yà sílé apòògùn, ó ra oògùn ikọ́ tí ikọ́ ò ṣe é. Gbogbo ẹni tó bèèrè ló fún ní àdírẹ́sì onígbàjámọ̀, ó ń là á sílẹ̀ fún wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ááfábẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ìjókòó iwájú pátápátá ló jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ní kí ọkùnrin gbogbo ṣí fìlà, ó ṣí i. Ìwàásù lórí sùúrù ni Pásítọ̀ gbé wá nílé, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ̀, ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ Olúwa sílẹ̀ ní ìdajì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni onígbàjámọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sínú báàgì, ó wá dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orí wá. Mo ti fi líǹkì yín síbẹ̀." Bàbá wọ gíláàsì, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó wò ó dáadáa, kó tó gbé orí wá.

Ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ń wo àwọn méjèèjì. Nígbà tó wà ní ọmọge, ó gbàdúrà gidigidi pé kí Ọlọ́run fún òun ní ọkọ tí orí rẹ̀ pé. Lọ́jọ́ yẹn ló rí i pé òun ò là á yé Ọlọ́run tó.

Ṣùgbọ́n nítorí obìnrin yìí kan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán, ọwọ́ rẹ̀ sì dáa débi pé ẹ̀gbọ́n á wọ ẹ̀wù, àbúrò á wọ̀ ọ́, ẹni tó tẹ̀ lé àbúrò á tún gbé e wọ̀, bọ́tìnnì kan ò ní já. Àbùkù ibẹ̀ ni pé inú ihò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ọ̀dà wọlé, ẹ ó gba abẹ́ páìpù kan tó ń jò kọjá, ẹ ó yà, ẹ ó tún yà, ẹ ó wá gun àtẹ̀gùn. Àwọn tí wọ́n bá júwe ibẹ̀ fún máa ń sọnù lójú ọ̀nà, ibi tí wọ́n sì máa ń sọnù sí ni ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kejì tó wà lójú títì, tó ní dígí àti àga tìmùtìmù. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà tuntun kò fi ní tíì jókòó tán tí obìnrin náà á ti bi í pé, "Ta ló júwe ibí fún yín?" kó lè mọ ẹni tí òun máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èèyàn ò bá rí ọ̀nà ibẹ̀, máṣíìnì á dákẹ́. Bí máṣíìnì bá sì dákẹ́, kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ọwọ́ òun ṣe láyé.

Ọkọ rẹ̀ rèé, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn Ọlọ́run, ohun méjì ló gbà gbọ́: pé kò yẹ kí àdírẹ́sì kankan sọnù, àti pé ẹni tó gba lẹ́tà tí kò fèsì, ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ dáadáa. Ó ká a lára pé ìyàwó òun gan-an ni àdírẹ́sì tó sọnù. Ló bá ní kí àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú kejì, wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe sáìtì. Ó sọ ọ́ ní Ojúlé Oníṣẹ́. Gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà nítòsí ló kó síbẹ̀, káfíńtà, onígbàjámọ̀, ẹni tó ń tún bàtà ṣe, pẹ̀lú àlàyé ọ̀nà tí afọ́jú lè fi rìn. Ti ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ: "Aránṣọ. Ẹ má bẹ̀rù páìpù tó ń jò. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ máṣíìnì tàbí orin ìyìn, ẹ ti dé."

"Ó dáa," ni àkọ́bí wí. "Ṣùgbọ́n, Dádì, ẹ̀rọ awárí ò mọ̀ yín rí. Bí ẹnì kan bá tẹ 'aránṣọ' sínú ẹ̀rọ yẹn, ó ní láti yan ẹni tó máa gbé síwájú. Sáìtì tó bá fi líǹkì júwe yín, ẹlẹ́rìí yín nìyẹn. Bí ẹlẹ́rìí gidi bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe gòkè tó."

Ẹlẹ́rìí gidi ni ọmọ wí. Ẹlẹ́rìí nìkan ni bàbá gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ṣọ́ọ̀bù kiri. "Fi líǹkì mi sí tìrẹ, n ó fi tìrẹ sí tèmi. Kí mi, kí n kí ọ." Orúkọ tó mọ́ ọn lára títí ó fi kú nìyẹn. Ẹni tí kò ní sáìtì, bàbá á bá a ṣe ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, kí onítọ̀hún lè rí ibi dúró kí i. Káfíńtà tó wà ní ìkángun títì ní sáìtì fún odindi ọdún kan kó tó mọ̀ pé òun ní in.

Ó sì ṣiṣẹ́! Obìnrin kan gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú ọmọ méjì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ta ló júwe ibí fún yín?"

"Kò sẹ́ni, mà. Mo kàn tẹ 'aránṣọ' sórí fóònù mi ni, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yọ."

Aránṣọ ká ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè ketekete, ó dúpẹ́ tí kò fẹ́ dákẹ́ mọ́. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ọkọ rẹ̀ wúkọ́, kí Ọlọ́run má baà gba gbogbo ọpẹ́ náà tán.

Ṣé ẹ rántí líǹkì tí onígbàjámọ̀ fi ra ìdajì orí padà? Kò pẹ́ tí wọ́n gẹ̀ ẹ́ tán tí bàbá ò rí i mọ́. Ó wo òkè ojú ewé, ó wo ìsàlẹ̀, funfun báláú ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣa lẹ́tà fún ìdajì ayé rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú lásán. Ó fi atọ́ka kọ̀ǹpútà fa ibi tó funfun yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni lẹ́tà bá ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Onígbàjámọ̀ ti fi funfun kọ ọ́ sórí funfun.

Bàbá ò wọ bàtà kó tó débẹ̀. "Kí lo ṣe yìí?"

"Bàbá, ó ń ba ẹwà ojú ewé mi jẹ́ ni. Ó ṣáà wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀! Ìwọ tí o wọ yàrá lọ, o ti ilẹ̀kùn, o pa iná, o wá ní o kí mi!"

"Ẹ̀rọ awárí á rí i, Bàbá, bí èèyàn ò tiẹ̀ rí i."

"Ẹ̀rọ awárí tó bá rí i, ohun tó máa sọ ni pé ẹ̀tàn ni wá, èmi pẹ̀lú ẹ. Ó dáa náà."

Kò bá a jà. Ó kàn lọ sílé, ó gbé orúkọ onígbàjámọ̀ náà kúrò láàárín àwọn onígbàjámọ̀, ó gbé e sáàárín àwọn káfíńtà. Kò pẹ́ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ẹ ǹ lẹ́ o. Ilẹ̀kùn wa ń ha ilẹ̀. Ẹ bá wa gé díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀."

"Onígbàjámọ̀ ni mí, mà!"

"Kò burú. Díẹ̀ náà la ní kẹ́ ẹ gé."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, líǹkì bàbá ti padà síbẹ̀, dúdú kirikiri, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilẹ̀kùn kan wà ládùúgbò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dán títí dòní bí iwájú orí.

Ká ní ó mọ sí àwọn aládùúgbò ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n òkìkí bàbá kàn dé ibi tí bàbá fúnra rẹ̀ ò lè dé. Àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí i láti òkè òkun pé ká kí ara wa. Ẹni tó ń ta táyà ọkọ̀ akẹ́rù kọ̀wé. Ẹni tó ń ta oògùn eku kọ̀wé. Ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá kọ̀wé, àti ẹnì kan tó ń kọ́ ẹyẹ ayékòótọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Bàbá ò já ẹnì kankan kulẹ̀. Gbogbo ayé ń kí i, ó ń kí gbogbo ayé.

Ó wá di ọjọ́ kan tí Pásítọ̀ fẹ́ rán aṣọ fún ẹgbẹ́ akọrin. Ó ṣí Ojúlé Oníṣẹ́ níwájú gbogbo àwọn ìyá ìjọ, kó lè fi iṣẹ́ ọmọ ìjọ hàn wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ aránṣọ gan-an, níbi tí ojú ti kọ́kọ́ ń bọ́ sí, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: TẸ́TẸ́ ALÁDÙN, Ẹ WÁ TA Á! Pásítọ̀ wo aránṣọ. Aránṣọ wo ilẹ̀, bóyá ó lè lanu.

Nígbà tó délé, kò tíì tú gèlè. "Bàbá ọmọ mi, kí ni onítẹ́tẹ́ ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?"

"Ó kí mi ni, ìyá ọmọ mi. Mo kàn dá a lóhùn."

"Bí Sátánì bá kí yín ńkọ́?"

Bàbá ronú díẹ̀. "Ó ní sáìtì?"

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ tẹ̀ lé e, Ọlọ́run ti dárí rẹ̀ jì í.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àtẹ̀gùn dákẹ́. Aránṣọ á ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, á gbálẹ̀, á fa okùn máṣíìnì le, á jókòó, á máa gbọ́ bí páìpù ṣe ń jò. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ọjọ́ kan ló gbé fóònù, ó tẹ "aránṣọ." Ṣọ́ọ̀bù ojú títì ló kọ́kọ́ yọ, àga tìmùtìmù àti gbogbo rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kejì, kò rí ara rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ó ṣí ẹ̀kẹrin, ó ń ṣí i lọ. Ojú ewé kẹsàn-án ló ti bá orúkọ rẹ̀, láàárín aránṣọ kan tó ti kú tipẹ́ àti ẹni tó ń ta abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún màlúù.

Bàbá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tó máa ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Ní àkókò àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó fò dìde. "Olúwa! Má jẹ̀ẹ́ ká jẹ́ ìrù! Gbé wa láti ojú ewé kẹsàn-án bọ́ sí àkọ́kọ́!" Gbogbo ìjọ ké "Àmín!" Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sáré ṣí Bíbélì, ó ń wá ojú ewé kẹsàn-án.

Àkọ́bí wọn ló wọkọ̀ wálé. Ó jókòó ti sáìtì bàbá rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń wò ó, ó wá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Dádì, kí ni eléyín ń ṣe níbí?"

"Ọmọ dáadáa ni o. Ó máa ń béèrè àlàáfíà mi."

"Oníṣẹ́ ọwọ́ ni?"

"Ọwọ́ ló kúkú fi ń ṣe eyín."

"Dádì, ẹ gbọ́. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Tó bá rí i pé gbogbo ẹni tó ń jẹ́rìí fún yín, ẹ̀yin náà lẹ ń jẹ́rìí fún wọn, tí iṣẹ́ yín ò sì jọra rárá, á ní ẹ gbìmọ̀ ni. Ta ló máa gba ẹ̀rí onítẹ́tẹ́ lórí aṣọ ọmọ ilé ìwé? Ẹ ò lè kí gbogbo ayé kí ìkíni yín ṣì níyì."

"Kí n wá ṣe báwo?"

"Ẹ bi ara yín lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹni tó ń wá aránṣọ bọ̀, ṣé inú rẹ̀ á dùn láti bá ẹni yìí pàdé? Ẹni tó ń ta bọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ni. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe, bẹ́ẹ̀ni. Onígbàjámọ̀ náà, ọmọ tó fẹ́ wọlé ìwé á gẹrun. Wọn ì báà kí yín padà, wọn ì báà má kí yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ fi ọ̀nà rẹ̀ hàn ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò lè ṣe onídùúró fún, àmì kan wà tí mo máa fi sí ti onítọ̀hún, ẹ̀rọ á mọ̀ pé ẹ júwe rẹ̀ ni, ẹ ò búra fún un. Àwọn tó kù, ẹ yọ wọ́n."

Ojú bàbá pọ́n. "Kí n sọ fún ẹni tó ti kí mi pé n ò kí i mọ́? Inú ilé yìí kọ́ lo ti kọ́ ìyẹn."

Nígbẹ̀yìn, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè já ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Oníṣòwò táyà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó gbé fóònù wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá àti ọmọ dúró síta, wọ́n ń gbọ́ "ẹ pẹ̀lẹ́ o," wọ́n ń gbọ́ "bẹ́ẹ̀ layé rí," wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín. Ó pẹ́ kó tó jáde, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

"Ẹ ti yọ ọ́, Dádì?"

"A ti sọ ọ́ bí àgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ní sáìtì. A ti kí ara wa."

Àkọ́bí wọn wọkọ̀ padà lọ. Ó ní òun ń lọ gbàdúrà.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ló yí bàbá lọ́kàn padà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ó gbọ́ máṣíìnì tó ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, inú rẹ̀ ti dùn. Ìgbà tó gun àtẹ̀gùn tán, ó rí i pé tábìlì ti wọ aṣọ. Àga wọ aṣọ, aṣọ náà ní bọ́tìnnì. Kẹ́tùlù omi wọ ẹ̀wù tó ní kọ́là, ẹ̀wù ọmọ ilé ìwé.

"Kí lò ń rán, ìyá ọmọ mi?"

"Aṣọ máṣíìnì ni. Bó bá fẹ́ sùn, kí òtútù má mú un."

Obìnrin náà fẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo bẹ́ǹṣì tí àwọn ìyá ọmọ máa ń jókòó sí, ó fi ọwọ́ nu eruku orí rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ó délé, ó wọ kóòtù, ó so táì mọ́rùn, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Oníṣòwò táyà, má bínú. Ẹ̀gbọ́n oníṣòwò táyà, a ò tiẹ̀ tíì pẹ́, má bínú. Eléyín, Olúwa mọ̀ pé n ò kórìíra rẹ." Á bẹ̀ ẹ́ tán, á tẹ bọ́tìnnì, á mí kanlẹ̀. Àwọn tó ní nọ́ńbà wọn, ó pè wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, orí ìdúró ló ti pè wọ́n, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Onítẹ́tẹ́ nìkan ni kò bẹ̀, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ti wọlé, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ojúlé Oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ bí aláìsàn tó ń kọ́ ìrìn. Ó kúrò ní ẹ̀kẹsàn-án, ó dé ẹ̀kẹfà, ó dé ìkejì, ó sì dúró. Ojú ewé kejì! Bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tí wọn ò ní kó wọlé. Oníbàárà ń wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, aṣọ ti bọ́ lára kẹ́tùlù, ṣùgbọ́n ọkàn bàbá ò balẹ̀. Kó tó fọnu láàárọ̀, á ti wò ó. "Ó ku díẹ̀, ìyá ọmọ mi. Ó ku ẹlẹ́rìí díẹ̀." Obìnrin náà á ní, "Ẹ fọnu, Bàbá ọmọ mi."

Ibẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí bàbá lọ. Ọ̀sán ni, lórí àga rẹ̀, gíláàsì lójú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń dúró de èsì lẹ́tà. Onígbàjámọ̀ ló wá gẹrun fún un nígbẹ̀yìn. Ó gẹ̀ ẹ́ kárí, ọ̀tún àti òsì. Ó sọ fún ìyàwó pé nígbà tí òun gẹ apá ọ̀tún tán, òun dúró díẹ̀. "Mo ní bóyá á dìde bá mi jà, Mọ́mì." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ọkọ òun ti lọ yìí, kò sẹ́ni tó máa bá òun bá ẹ̀rọ awárí ṣọ̀rẹ́ mọ́, ojú ewé kejì á tún di ẹ̀kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sígbà náà, àtẹ̀gùn ń dún. Ìyá kan wọlé, òmíràn tẹ̀ lé e. Bẹ́ǹṣì kún, àwọn kan dúró sábẹ́ páìpù. Ó pe àkọ́bí rẹ̀.

"Kí lo ṣe sí sáìtì bàbá rẹ?"

"N ò fọwọ́ kàn án, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ n wò ó." Ó tẹ "aránṣọ" sínú ẹ̀rọ awárí. "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ wà lókè pátápátá. Ojú ewé àkọ́kọ́, ìlà àkọ́kọ́."

"Ta ló ṣe é?"

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe é. Ó ti kọ ìtàn ìdajì orí sórí sáìtì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ti ilẹ̀kùn, ó sì fi líǹkì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, dúdú kirikiri: "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà níbí." Ẹni tó ń tún bàtà ṣe rí i, ó kọ tirẹ̀. Káfíńtà, tó ti wá mọ̀ pé òun ní sáìtì, kọ tirẹ̀. Ẹni tó ń ta bọ́tìnnì kọ bí bàbá ṣe jókòó sórí àpótí ọjà rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí líǹkì. Kódà eléyín kọ̀wé láti òkè òkun: "Nínú gbogbo ẹni tó já mi, òun nìkan ló bẹ̀ mí." Ẹni tó bá kà á á rẹ́rìn-ín, á fi han ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà á kọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kí òun padà. Ohun tí bàbá fi gbogbo agbára nájà láyé, tó fi ìdajì orí rẹ̀ dógò fún, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e wá lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀hẹn," ni aránṣọ wí, ó ti ń nu ojú. "Dá a padà fún wọn kíá. Kọ gbogbo wọn sí tiwa, líǹkì fún líǹkì."

"Rárá o, Mọ́mì! Ẹ jọ̀ọ́! Àwọn aládùúgbò ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó tó. Ọ̀fẹ́ tí àwọn tó kù ṣe é ló fi níyì. Bẹ́ ẹ bá ń dá gbogbo rẹ̀ padà, á tún dà bí ìgbìmọ̀, ẹ ó sì tún já wálẹ̀."

"Kí èèyàn kí mi, kí n má jẹ́ ẹ?"

"Ẹ má jẹ́ ẹ, Mọ́mì."

Ó mú un lára bí òwú tó wọ abẹ́ èékánná. Ó rán ẹ̀wù kan, ó gbé kọ́là rẹ̀ sódì. Nígbà tí kò lè gbé e mọ́ra mọ́, ó so gèlè, ó ti ṣọ́ọ̀bù fún wákàtí díẹ̀, ó gba abẹ́ páìpù jáde. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí i. Ó lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ó kí i. Ó fi fóònù pe eléyín, wọn ò gbọ́ ara wọn dáadáa, ó kí i náà. Ó wá dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀.

Onígbàjámọ̀ rí i, ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń lé adìyẹ. "Mọ́mì, ẹ má fi líǹkì kankan dá a padà o! Ọmọ yín ti pè mí."

"Ta ló ní mo fẹ́ fi líǹkì dá a padà? Ẹnu ni mo gbé wá. Mo ní ẹ ṣé, àwọn ọmọ mi ní ẹ ṣé. Ọkọ mi ì bá ti dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbọ́ nínú ọ̀fẹ́."

"Ẹ kú àdúrótì, Mọ́mì."

"Ẹ parí orí ẹni ẹlẹ́ni," ni obìnrin náà wí, nítorí ọkùnrin kan wà lórí àga, ìdajì orí rẹ̀ ń dán, ojú rẹ̀ sì ti ń lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó padà dé orí àtẹ̀gùn, ìyá kan ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá náà ń pa ẹ̀rín mọ́nú, ẹ̀rín náà ò gbà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ẹ má bínú, mo jáde díẹ̀ ni. Ta ló júwe ibí fún yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má wo ẹ̀rín mi. Mo ń ka ìtàn bàbá kan tó gbé ìdajì irun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó pa mí lẹ́rìn-ín títí, mo ní kí n wo iṣẹ́ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ báyìí, ni mo bá débí. Ṣé ẹ mọ ọkùnrin yẹn?"

Aránṣọ tan iná, ó ṣí aṣọ kúrò lórí máṣíìnì, ó mú téèpù rẹ̀ lára ìṣó.

"Ọkọ mi ni," ló wí. "Òun ló júwe ibí fún yín. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ n wọn èjìká ọmọ yín."